Kóńgò Kan Kì Í Ṣe Kílò Kan: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ilé Ìdáná Wa ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá fi kóńgò kan wọn ìrẹsì, tí ẹ tún fi kóńgò yẹn kan náà wọn fúláwà, tí ẹ sì rẹ́ ẹnu méjèèjì dọ́gba, èwo ni yóò wúwo jù? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé méjèèjì yóò dọ́gba, nítorí pé òṣùwọ̀n kan náà ni a lò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà rò, títí di ọjọ́ tí èrò mi yìí fi ba ọjà arábìnrin kan jẹ́ nínú ìjọ wa.

Mo kọ èyí kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Arábìnrin náà jẹ́ opó, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Ó máa ń dín chin-chin tà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àdúgbò wa. Ní ọdún kan, Olúwa ṣí ọ̀nà fún un: wọ́n gbé iṣẹ́ chin-chin ìgbéyàwó fún un. Irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ rí. Ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó, kí n má baà ṣe é tì."

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní ìlú Òyìnbó ti fi ìlànà chin-chin kan ránṣẹ́ sí mi tipẹ́tipẹ́. Kílò ni gbogbo rẹ̀ wà: fúláwà kílò 10, ṣúgà kílò 2, bọ́tà kílò 2, ẹyin 30, pẹ̀lú mílíìkì. Ṣúgà àti bọ́tà kò fún wa ní wàhálà, nítorí pé wọ́n ti kọ ìwọ̀n wọn sára ọ̀rá. Fúláwà ni kò rọrùn. Owó rẹ̀ kò tó ra odidi àpò, a sì ní láti rà á ní kóńgò.

Mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò láti ìgbà pípẹ́ pé kóńgò ìrẹsì kan jẹ́ kílò kan àbọ̀. Mo mú bíírò, mo pín kílò 10 sí kílò kan àbọ̀, mo rí kóńgò 6 ó lé díẹ̀. Mo ní kó ra 7, kó má baà dín. Inú mi dùn pé mo mọ ìṣirò.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a po ó tán ní alẹ́, ó rọ̀ bí àkàrà. A fẹ́ fi fúláwà kún un, ṣùgbọ́n ọjà ti tú, owó ọwọ́ rẹ̀ sì ti tán. A bẹ̀rẹ̀ sí í dín in bẹ́ẹ̀. Ó ń fọ́ sínú epo, ó ń mu epo bíi kànìnkànìn, ṣúgà tó pọ̀ jù sì mú kí ó tètè dúdú. Àwọn onígbèéyàwó kò gbà á. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Arábìnrin yìí kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Màmá, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀." Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Èmi ni mo ṣírò, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pín owó náà san padà fún un láti inú owó ọjà tèmi, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí mo ti ṣì í.

ÌDÁHÙN LÁTI ẸNU BÀBÁ ÀGBÀ

Bàbá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tó ti ṣe akọ̀wé nídìí sikéèlì ọkọ̀ ẹrù ní Àpápá kí ó tó fẹ̀yìn tì. Mo lọ bá wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ìyá, kóńgò kò mọ ìwúwo o. Àyè ni kóńgò mọ̀."

Bàbá ní kí n gbé ike méjì tó dọ́gba wá. A bu ìrẹsì kún ọ̀kan, a bu fúláwà kún èkejì, wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, èkejì sí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ tó gbé ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀! Kóró ìrẹsì le, ó sì ki. Fúláwà dà bí òwú. Afẹ́fẹ́ pọ̀ láàárín rẹ̀. Àyè kan náà ni méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n ìwúwo wọn kò dọ́gba rárá.

Kóńgò fúláwà kan kò tó kílò kan. Kóńgò 7 tí a rà kò ju nǹkan bíi kílò 6 lọ. Kílò 4 ni a fi dín, a sì ti da ṣúgà, bọ́tà àti ẹyin kílò 10 sí i!

Nígbà náà ni ó yé mi pé Bíbélì gan-an ya nǹkan méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Efa àti omeri jẹ́ òṣùwọ̀n àyè, òun ni wọ́n fi ń wọn ọkà. Omeri ni wọ́n fi wọn mánà nínú Ẹ́kísódù orí 16. Ṣekeli ní tirẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìwúwo. Nígbà tí wòlíì Ámósì sì ń bá àwọn oníṣòwò ìgbà ayé rẹ̀ wí ní orí 8, ó dárúkọ àrékérekè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn tó dín efa kù, àti àwọn tó mú ṣekeli tóbi.

LÁTI ÀPÁPÁ DÉ BOUNDARY

Ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè wa ń rí ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a kì í fiyè sí i. Ní Àpápá, ìwúwo ni wọ́n fi ń ka ohun gbogbo. Ọkọ̀ ojú omi ń kó àlìkámà wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò 1,000. Ilé-iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ti ń lọ àlìkámà ní Àpápá láti 1962. Àpò fúláwà tí a mọ̀ jù jẹ́ kílò 50, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà. Ogún irú àpò bẹ́ẹ̀ ni tọ́ọ̀nù kan.

Nígbà tí ọkọ̀ bá gbé àpò náà gba Malu Road dé ọjà Boundary, tí oníṣòwò sì já okùn ẹnu rẹ̀, ibẹ̀ ni kílò parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, kóńgò, dérìká àti agolo mílíìkì ló kù. Nítorí pé gbogbo ẹ̀yà ló wà ní Ajégúnlẹ̀, olúkúlùkù gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá: ẹlòmíràn ń fi rọ́bà páǹtì ta gàrí, ẹlòmíràn ń fi rọ́bà kọ́sítáàdì, àwọn ará òkè ọya sì ní mudu tiwọn. Dérìká gan-an, orúkọ tòmátì alágolo láti Ítálì ni. A jẹ tòmátì tán, agolo rẹ̀ di òṣùwọ̀n.

Kì í ṣe pé ìjọba kò sọ nǹkan kan. Òfin òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, tó fi kílò àti lítà lélẹ̀ fún òwò, ẹ̀ka kan sì wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí okòwò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àbójútó òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n kóńgò kò kúrò lọ́jà. Ó yá, ó rọrùn, kò sì gba iná mànàmáná tàbí bátìrì. Kò sí ohun tó burú nínú kóńgò fúnra rẹ̀. Ohun tó burú ni kí a máa lò ó láìmọ ohun tó ń sọ.

OHUN TÍ A RÍ NÍGBÀ TÍ A WỌ̀N Ọ́N

Bàbá yá sikéèlì kan fún wa. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa obìnrin mẹ́fà jókòó sí ilé ìdáná ìjọ, a sì wọn oúnjẹ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ́kọ́ bu omi sínú òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Kóńgò wa gba omi lítà kan ó lé 60 cl. Dérìká wa gba 85 cl. Agolo mílíìkì gba 16 cl. Lẹ́yìn náà ni a wọn oúnjẹ, tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ ẹnu rẹ̀ dọ́gba, láìsí òkìtì. Bí ó ti rí nìyí:

Ìrẹsì: kóńgò kan, bíi gíráàmù 1,300, dérìká kan, 700, agolo mílíìkì kan, 130.

Ẹ̀wà: kóńgò kan, bíi gíráàmù 1,250, dérìká kan, 660, agolo mílíìkì kan, 125.

Àgbàdo gbígbẹ: kóńgò kan, bíi gíráàmù 1,200; dérìká kan, 630; agolo mílíìkì kan, 120.

Gàrí: kóńgò kan, bíi gíráàmù 950, dérìká kan, 500, agolo mílíìkì kan, 95.

Fúláwà: kóńgò kan, bíi gíráàmù 850, dérìká kan, 450, agolo mílíìkì kan, 85.

Nígbà tí a kó òkìtì lé kóńgò ìrẹsì lórí bí àwọn oníṣòwò rere ti ń ṣe, ó wá di kílò kan àbọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì olókìtì ni. Èmi ni mo gbé e lọ sórí fúláwà.

Ẹ má ṣe gbé iye tiwa yìí bí òfin o. Kóńgò tiyín lè fẹ̀ ju tiwa lọ tàbí kí ó kéré sí i. Gàrí tó kúnná kò dọ́gba pẹ̀lú gàrí tó rí wóróbo. Fúláwà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀ fúyẹ́. Èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú agolo wúwo. Oúnjẹ tí kò gbẹ dáadáa pẹ̀lú lè wúwo ju èyí tó gbẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ní yí padà: oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwúwo tirẹ̀ nínú kóńgò kan náà.

BÍ Ẹ ṢE LÈ ṢE É NÍLÉ LÁÌNÍ SIKÉÈLÌ

Ẹ lè sọ pé, "Mi ò ní sikéèlì." Èmi náà kò ní. Ọ̀nà mẹ́ta rèé.

Èkíní, ẹ lo omi. Nígbà tí àwọn ará Faransé gbé òṣùwọ̀n tuntun yìí kalẹ̀ ní 1795, omi ni wọ́n fi so àyè àti ìwúwo pọ̀, ìdí nìyí tí omi lítà kan fi jẹ́ kílò kan. Ẹ mú ìgò omi tí wọ́n kọ 75 cl tàbí 50 cl sí lára, ẹ fi kún òṣùwọ̀n yín, kí ẹ sì ka iye tó gbà. Ẹ wá rántí èyí: bí omi bá jẹ́ mẹ́wàá, ìrẹsì jẹ́ bíi mẹ́jọ, ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ, àgbàdo jẹ́ méje àbọ̀, gàrí jẹ́ mẹ́fà, fúláwà sì jẹ́ márùn-ún ó lé díẹ̀. Bí ike yín bá gba omi lítà kan, a jẹ́ pé yóò gba ìrẹsì bíi gíráàmù 800, gàrí 600, àti fúláwà bíi 500 ó lé díẹ̀.

Èkejì, ẹ lo ohun tí wọ́n ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ra sẹ́mò kílò kan tàbí iyọ̀ kílò kan tí wọ́n lẹ̀ pa, ẹ má kàn dà á sínú ike. Ẹ fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, kí ẹ ka iye agolo tó jẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ óò mọ kílò kan oúnjẹ náà títí láé.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ìwọ̀n fúnra yín. Ẹ wá igi tó gún régé, ẹ so okùn mọ́ ọn láàárín gbùngbùn kí ó lè rọ̀, kí ẹ sì so ọ̀rá ọjà méjì tó dọ́gba sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ẹ rí i pé ó dúró déédéé nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ wá fi ìgò omi sínú ọ̀kan, tàbí omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Bí ó bá kún 50 cl bí wọ́n ti kọ ọ́, ìdajì kílò ni. Méjì jẹ́ kílò kan. Ẹ máa bu oúnjẹ sínú ọ̀rá kejì títí igi yóò fi dúró déédéé. Àwọn ọmọ yín yóò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, wọn yóò sì fi kọ́ ìṣirò.

Ẹ kíyè sí ohun mìíràn. Bí ẹ bá rí "cup" nínú ìwé oúnjẹ Amẹ́ríkà, kì í ṣe agolo mílíìkì wa ni wọ́n ń sọ. Tiwọn gba omi bíi 24 cl, ó sì fi ìdajì ju tiwa lọ. Àwọn náà ti ní irú wàhálà yìí rí. Fannie Farmer, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè ní Boston, tẹ ìwé kan jáde ní 1896 tó fi kọ́ àwọn ènìyàn láti máa rẹ́ ẹnu òṣùwọ̀n dọ́gba, kí ẹnì kan má baà bu òkìtì, kí ẹlòmíràn sì bu àbọ̀. Bákan náà, iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára agolo mílíìkì jẹ́ ti mílíìkì inú rẹ̀, kì í ṣe ti ìrẹsì tí ẹ óò bù sí i.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ló nílò kílò. Bí ẹ bá ń se ìrẹsì, tí ẹ ń bu omi agolo méjì sí ìrẹsì agolo kan, agolo tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a bá ń po fúláwà, tí a bá ń ka iye ènìyàn, tàbí tí a bá ń náwó, ni kílò di dandan.

NÍ ỌJÀ ÀTI NÍ ÀPÈJẸ

Ẹ jẹ́ kí a wo ti owó. Ká ní àpò ìrẹsì kílò 50 jẹ́ ₦60,000 (owó àpẹẹrẹ lásán ni). Kílò kan jẹ́ ₦1,200. Bí oníṣòwò bá ń ta kóńgò olókìtì ní ₦1,900, kóńgò 33 ni yóò rí nínú àpò, yóò sì pa ₦62,700. Èrè ₦2,700 yẹn kò pọ̀. Ó ti san owó ọkọ̀ àti ti alábàárù. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ́ ẹnu rẹ̀ dọ́gba, tó sì ń gba ₦1,900 yẹn kan náà, kóńgò 38 ni yóò rí, owó rẹ̀ yóò sì di ₦72,200. Orúkọ kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ti pàdánù. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè pé, "Èló ni kóńgò?" ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bí ìdílé mẹ́rin bá sì lè dá owó jọ ra àpò kan, kílò 12 àbọ̀ ni yóò kan olúkúlùkù.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ṣe òtítọ́. Wọn a bu òkìtì, wọn a sì fi èènì sí i. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn tó ń tẹ ìdí agolo wọnú, àti àwọn tó ń lẹ nǹkan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ mú ike yín tí ẹ ti wọ̀n nílé dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n dà á sí i. Ẹ̀yin oníṣòwò tó wà láàárín wa ńkọ́? Ẹ lọ ka Òwe 11:1, kí ẹ sì yí ìdí kóńgò yín sókè, kí ẹ wò ó. Ìwà Kristẹni kò parí sínú ilé ìsìn.

Ti àpèjẹ ńkọ́? Ní ìjọ wa, ìrẹsì tútù gíráàmù 150 ni a ń ṣírò fún àgbàlagbà kan. Bí àlejò bá jẹ́ 150, yóò jẹ́ kílò 22 àbọ̀, èyí tí í ṣe kóńgò olókìtì 15. Tẹ́lẹ̀, ojú ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ọdún kan oúnjẹ á ṣẹ́kù tí yóò sì bàjẹ́, ní ọdún tó tẹ̀lé e àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn ìlà kò ní rí jẹ. Láti ìgbà tí a ti lẹ ìwé ìwọ̀n wa mọ́ ògiri ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ yẹn ti dínkù púpọ̀.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ óò fẹ́ mọ bí arábìnrin wa ṣe ṣe é. Nígbà tó kó owó jọ díẹ̀, ó tún gba iṣẹ́ mìíràn, ti ìsọmọlórúkọ. Ìlànà kan náà la lò: fúláwà kílò 10. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló mú bíírò. Ó pín gíráàmù 10,000 sí 850, ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, kóńgò 12 ni, kò ní pé tán. Kì í ṣe 7." Mo ní, "Ọmọ mi, o gbà á."

Chin-chin náà gbẹ, ó ń ró kàrà-kàrà lẹ́nu. Wọ́n san owó rẹ̀ pé, wọ́n sì tún fi ọ̀nà ilé rẹ̀ han ẹlòmíràn. Ó kọ iye náà sára ìdérí ike fúláwà rẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú kóńgò yín jáde, ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí Olúwa tí kò jẹ́ kí ìyẹ̀fun opó Sáréfátì tán má ṣe jẹ́ kí ti ilé wa náà tán. Àmín.